Ṣé àpapọ̀ dáìsì méjì lè dá dúró lọ́tọ̀ sí dáìsì àkọ́kọ́?

Ìbéèrè: Mo ń ran ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ní ká ju dáìsì méjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní ni pé dáìsì àkọ́kọ́ mú 4 wá. Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni pé àpapọ̀ ojú méjèèjì jẹ́ 7. Wọ́n béèrè bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì gbára lé ara wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé láti ara dáìsì àkọ́kọ́ ni àpapọ̀ ti ń jáde. Ìwé ìdáhùn ní rárá. Ta ló jàre, báwo sì ni èèyàn ṣe ń mọ̀ láìméfò?

Ìdáhùn: Ìwé ìdáhùn ló jàre, ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ yín lóminú kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ rárá. Bí ẹni tó ṣe ìbéèrè náà bá fi 8 sí ipò 7, ẹ̀yin ni ẹjọ́ ì bá gbè. Inú ìyàtọ̀ tó wà láàárín 7 àti 8 yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ojú dáìsì ká tó mẹ́nu kan òfin.

Bí a bá ju dáìsì méjì tí kò ní èrú nínú, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà balẹ̀, nítorí pé ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ti àkọ́kọ́ ní ni ó lè bá ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ìkejì pàdé, kò sì sí ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí tó ní àǹfààní ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ ká pe ìṣẹ̀lẹ̀ pé dáìsì àkọ́kọ́ mú 4 wá ní A. Mẹ́fà nínú ọ̀nà 36 ni A ti ń ṣẹlẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1/6. Ẹ jẹ́ ká pe ìṣẹ̀lẹ̀ pé àpapọ̀ jẹ́ 7 ní B. Ọ̀nà tí a fi ń rí 7 ni 1 pẹ̀lú 6, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 4, 4 pẹ̀lú 3, 5 pẹ̀lú 2, àti 6 pẹ̀lú 1. Mẹ́fà ni gbogbo wọn, nítorí náà ìṣeéṣe B náà jẹ́ 1/6. Tí A àti B bá máa jọ ṣẹlẹ̀, ọ̀nà kan péré ló wà, ìyẹn ni kí àkọ́kọ́ mú 4 wá kí ìkejì sì mú 3 wá, èyí tó fún wa ní 1/36. Ẹ wá wò ó: 1/6 × 1/6 jẹ́ 1/36. Iye méjèèjì dọ́gba láìkù síbì kan, ohun tí a sì ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ adádúró nìyẹn. Òfin náà kò ju èyí lọ: ìṣẹ̀lẹ̀ méjì dá dúró sí ara wọn bí ìṣeéṣe pé kí wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ohun tí a rí nígbà tí a bá sọ ìṣeéṣe ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìṣeéṣe èkejì, wọn kò sì dá dúró bí kò bá dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wá fi 8 dán an wò. Ọ̀nà tí a fi ń rí 8 jẹ́ márùn-ún: 2 pẹ̀lú 6, 3 pẹ̀lú 5, 4 pẹ̀lú 4, 5 pẹ̀lú 3, àti 6 pẹ̀lú 2. Ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 5/36. Ọ̀nà kan péré náà ló wà tí àkọ́kọ́ fi lè jẹ́ 4 kí àpapọ̀ sì jẹ́ 8, ìyẹn 1/36, tí a tún lè kọ ní 6/216. Ṣùgbọ́n 1/6 × 5/36 jẹ́ 5/216. Kò dọ́gba, ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò dá dúró sí ara wọn.

Kí ló fà á tí nọ́ńbà kan ṣoṣo fi yí ìdáhùn padà? Ẹ fọkàn yàwòrán pé wọ́n ti ju dáìsì méjèèjì sábẹ́ ife, ẹnì kan wá ṣí ife díẹ̀, ó wo dáìsì àkọ́kọ́ nìkan. Bí 7 lẹ ń retí, ohun yòówù tó bá rí, ìrètí yín kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Bí ó bá rí 1, ẹ nílò 6. Bí ó bá rí 2, ẹ nílò 5. Bí ó bá rí 6, ẹ nílò 1. Gbogbo ojú tí dáìsì àkọ́kọ́ ní ló ní ẹnìkejì tirẹ̀ tó lè sọ ọ́ di 7, ẹnìkejì náà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nígbà gbogbo, tó túmọ̀ sí 1/6 nígbà gbogbo. Bí 8 lẹ bá ń retí, ọ̀ràn yàtọ̀, nítorí pé ojú kan wà tí kò ní ẹnìkejì rárá: bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, ìkejì ì bá nílò láti jẹ́ 7, dáìsì kò sì ní ojú keje. Nítorí náà, nígbà tí ẹni náà bá sọ fún yín pé 4 ni òun rí, ó ti bá yín lé ewu 1 lọ láìjẹ́ pé ó dárúkọ rẹ̀, ìṣeéṣe 8 sì gòkè láti 5/36 sí 6/36. Ìròyìn náà kékeré, àmọ́ ìròyìn ni.

Ibi tí èrò yín ti ṣìnà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìbéèrè náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ní ohun kan gbára lé òmíràn, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ọ̀kan ló gbé èkejì ró, bí òrùlé ṣe gbára lé òpó. Tí a bá fojú yẹn wò ó, òótọ́ ni pé àpapọ̀ gbára lé dáìsì àkọ́kọ́; ẹni tó bá bá yín jiyàn lórí ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìṣeéṣe kò béèrè ohun tó gbé ohun mìíràn ró. Ohun tó ń béèrè ni pé, bí a bá gbọ́ pé ọ̀kan ṣẹlẹ̀, ṣé ó yẹ kí ìrètí wa lórí èkejì yí padà? Ìdí nìyí tí èmi fi fẹ́ràn láti lo "adádúró" ju "kò gbára lé" lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò mọ́ pátápátá. Abraham de Moivre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó sá wá sí London tó sì kọ̀wé lórí ìṣeéṣe ní ọ̀rúndún 18, pa ohun méjèèjì pọ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: ó ní ìṣẹ̀lẹ̀ méjì dá dúró nígbà tí kò bá sí ohun tó so wọ́n pọ̀, tí ṣíṣẹlẹ̀ ọ̀kan kò sì ran èkejì lọ́wọ́ tàbí dí i lọ́wọ́. Apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀yin dì mú. Apá kejì ni ìmọ̀ ìṣirò dì mú, tó sì ju ti àkọ́kọ́ nù, nítorí pé ìrànwọ́ àti ìdílọ́wọ́ ṣeé ṣírò, ṣùgbọ́n "ohun tó so wọ́n pọ̀" kò ṣeé wọ̀n. Nígbà tí Andrey Kolmogorov ará Rọ́ṣíà fi gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe lélẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ tuntun ní 1933, ìsọdipúpọ̀ tí a ṣe lókè yìí ni ó fi túmọ̀ ìdádúró, ó sì sọ pé èrò yìí gan-an ló fún ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe ní ojú tirẹ̀ tó yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí olùkọ́ ọmọ yín lè ti fi hàn án: kí a ṣírò ìṣeéṣe B lẹ́yìn tí a ti mọ̀ pé A ṣẹlẹ̀, kí a wá wò ó bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú ìṣeéṣe B nígbà tí a kò tíì mọ nǹkan kan. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń já sí. Mo fara mọ́ ìsọdipúpọ̀ nítorí pé kò nílò pé kí a yan èyí tó ṣáájú, ó sì ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí ìṣeéṣe ọ̀kan bá jẹ́ òdo, níbi tí ọ̀nà kejì yóò ti sọ pé ká fi òdo pín nǹkan.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo àṣìṣe yòókù lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ rẹ̀ fún ọmọ yín. Wọ́n máa ń rò pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kò lè jọ ṣẹlẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ adádúró, nítorí pé lójú wọn kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló jẹ́ òótọ́. Ẹ mú A wa, kí dáìsì àkọ́kọ́ mú 4 wá, kí ẹ sì fi sí ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ pé àpapọ̀ jẹ́ 3. Wọn kò lè jọ ṣẹlẹ̀ láé. Bí mo bá sọ fún yín pé àkọ́kọ́ jẹ́ 4, ẹ ti mọ̀ dájú pé àpapọ̀ kò ní jẹ́ 3. Kò sí ìròyìn tó lágbára ju èyí lọ. Ìṣeéṣe pé kí wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ jẹ́ òdo, ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 1/6 × 2/36, tí kì í ṣe òdo. Àyàfi bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ohun tí ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ òdo látilẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ń lé ara wọn jáde kò lè dá dúró.

Irú ìbéèrè mìíràn tí wọ́n tún lè bi ọmọ yín ni ti ọsàn inú agbọ̀n, kò sì ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Bí ọsàn 10 bá wà nínú agbọ̀n, tí 4 nínú wọn jẹ́ kíkan, tí ẹ mú ọ̀kan tí ẹ kò dá a padà kí ẹ tó mú èkejì, ìṣeéṣe pé kí méjèèjì jẹ́ kíkan ni 4/10 × 3/9, ìyẹn 12/90, tó dín sí 16/100 tí à bá rí ká ní ẹ dá a padà. Wọn kò dá dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odidi ọkọ̀ tí ó kó ọsàn 10,000, tí 4,000 nínú wọn jẹ́ kíkan, ìyàtọ̀ náà á kéré débi pé kò sí ẹni tó lè rí i: 3,999/9,999 àti 4,000/10,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣèwádìí èrò àwọn aráàlú fi máa ń ṣírò bí ẹni pé àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ dá dúró sí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í bi ẹnì kan náà léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ilé wa ni ti jẹ́nótáìpù. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó sì jẹ́ AS, ìṣeéṣe pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS, tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, jẹ́ 1/4. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pé, bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, a jẹ́ pé "ọ̀kan nínú mẹ́rin" ti jáde, kí tọkọtaya fọkàn balẹ̀ lórí mẹ́ta tó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró: ẹyin tuntun ni, àtọ̀ tuntun ni, kò sì sí èyí tó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kọjá. Ìṣeéṣe pé kí ọmọ mẹ́rin tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bí má ní SS kankan nínú jẹ́ 3/4 tí a sọ di púpọ̀ nígbà mẹ́rin, ìyẹn 81/256, bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣeéṣe pé kí ó jẹ́ ẹyọ kan gẹ́lẹ́, bí àwọn èèyàn ṣe ń retí, jẹ́ 27/64, kò tó ìdajì.

Ẹ kíyè sí ohun kan tó farapamọ́ níhìn-ín. Mo ní "bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó sì jẹ́ AS". Bí a kò bá mọ jẹ́nótáìpù àwọn òbí ńkọ́? Nígbà náà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àkọ́bí wọn jẹ́ SS, ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé baba àti ìyá ní S lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ewu tó wà fún ọmọ kejì sì ga lójú wa ju bó ṣe wà lọ kí a tó gbọ́. Ọmọ kan náà, ẹbí kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó dá dúró nígbà tí a mọ àwọn òbí kò dá dúró mọ́ nígbà tí a kò mọ̀ wọ́n. Ìdádúró kì í ṣe àwọ̀ ara ìṣẹ̀lẹ̀. Ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú wà lára ìṣirò rẹ̀. Ti ìbejì náà tún wà, torí a kì í ṣe Yorùbá ká máà béèrè nípa wọn. Ìlú Ìgbò-Ọrà lókìkí fún ìbejì, púpọ̀ nínú ìbejì wa ló sì ti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Àwọn wọ̀nyí dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lórí ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì ní jẹ́nótáìpù kan náà, ẹni tó bá sì sọ 1/4 di púpọ̀ pẹ̀lú 1/4 fún wọn ti ṣìrò: 1/4 ni ìdáhùn, kì í ṣe 1/16.

Irú àṣìṣe yẹn gan-an ti ran èèyàn lọ sẹ́wọ̀n rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìkókó méjì kú mọ́ agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Sally Clark lọ́wọ́, ọ̀kan ní oṣù Kejìlá 1996, èkejì ní oṣù Kìíní 1998. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Dókítà àwọn ọmọdé, Roy Meadow, wá jẹ́rìí ní kóòtù pé nínú irú ìdílé bíi tirẹ̀, ìṣeéṣe kí ọmọ kan kú ikú òjijì láìsí ìdí jẹ́ ọ̀kan nínú 8,543, àti pé ti ọmọ méjì jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 73. Kò sí ibòmíràn tí mílíọ̀nù 73 ti wá ju pé wọ́n sọ 8,543 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ náà kò lábùkù bí a bá fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é. Ohun tí kò sí ẹ̀rí fún ni ẹ̀tọ́ láti sọ di púpọ̀. Ọmọ ìyá méjì ń jọ pín ẹ̀jẹ̀, ilé àti afẹ́fẹ́. Bí ohun kan tí a kò mọ̀ nínú àjogúnbá tàbí nínú ilé bá ṣokùnfà ikú àkọ́kọ́, ó wà níbẹ̀ de ìkejì. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1999. Ní 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò dátà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Statistical Society, sọ ọ́ ní gbangba pé iye náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a sílẹ̀ ní 2003. Láti ṣe òdodo, èsì àyẹ̀wò kan lára ọmọ kejì tí wọn kò fi han ìgbẹ́jọ́ ni ìdí pàtàkì tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu iye náà pẹ̀lú. Obìnrin náà kú ní 2007.

Mo mú un wá torí pé ohun tó yàtọ̀ sí ti dáìsì ló wà níbẹ̀. Lórí dáìsì, a ní ọ̀nà 36 níwájú wa, a sì lè kà wọ́n kí a tó sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ dá dúró. Lórí ikú ọmọ ìkókó, kò sí ẹni tó ka ọ̀nà kankan. Wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ó dá dúró, wọ́n wá fi ìyẹn ṣírò. Nínú ìwé àṣetiléwá, "adádúró" lè jẹ́ èsì tàbí ohun tí wọ́n fún wa látilẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìbéèrè, kí ó sọ di púpọ̀ láìbẹ̀rù. Bí wọn kò bá kọ ọ́, òun ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ iye tí èèyàn kà láàárín ìlú ni, kó má retí pé kí apá méjèèjì dọ́gba gẹ́lẹ́, nítorí oríire lásán máa ń yẹ iye díẹ̀. Àyẹ̀wò káí-síkúẹ̀, tí Karl Pearson gbé jáde ní 1900, ni a fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ ju ohun tí oríire lè fà lọ.

Bí ìbéèrè bá kan ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta, kó má ṣe dúró lórí wíwò wọ́n ní méjì-méjì. Ẹ tún mú dáìsì méjì náà: kí àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà aláìdọ́gba (bíi 1, 3 tàbí 5), kí ìkejì jẹ́ aláìdọ́gba, kí àpapọ̀ jẹ́ aláìdọ́gba. Ìdajì ni ìṣeéṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn, èyíkéyìí tí ẹ bá sì mú ní méjì dá dúró sí ara wọn. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè jọ ṣẹlẹ̀, torí pé bí a bá ro nọ́ńbà aláìdọ́gba méjì pọ̀, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni a máa rí.

Nínú ìwé ìdánwò, kí ọmọ yín kọ ìṣeéṣe A, kó kọ ìṣeéṣe B, kó kọ ìṣeéṣe pé kí wọ́n jọ ṣẹlẹ̀ nípa kíka ọ̀nà wọn (kì í ṣe nípa ìsọdipúpọ̀, èyí tó máa jẹ́ pé ó ti fi ìdáhùn ṣe ẹ̀rí), lẹ́yìn náà kó fi wọ́n wé ara wọn, kó sì kọ gbólóhùn kan tó sọ èsì rẹ̀. Olùmáàkì máa ń wá gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Bí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti lóye rẹ̀ lóòótọ́, ẹ fún un ní èyí. Ká ní wọ́n ti ṣe màgòmágó sí dáìsì kejì, tó fi jẹ́ pé ìdajì gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jù ú ni ó ń mú 3 wá, ti àkọ́kọ́ kò sì ní èrú nínú. Ṣé 4 lára àkọ́kọ́ àti àpapọ̀ 7 ṣì dá dúró? Lẹ́yìn náà, kó yí i padà: kí àkọ́kọ́ ní èrú bó ti wù kó rí, kí ìkejì jẹ́ olódodo. Ìdáhùn méjèèjì kò rí bákan náà, mo sì rò pé ti ìkejì á ya ẹ̀yin àti òun lẹ́nu.